Tábìlì Bàbá Sìdí

Ìgàndò, Èkó.
Àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Káàdì fóònù mi tán lánàá nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti dá ọ lóhùn. Ìyá rẹ ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé bí kò bá tán ni, gbogbo àdúgbò ni ìbá gbọ́ ìdáhùn náà. Ilẹ̀ ti mọ́, ara mi ti silẹ̀, ìdáhùn náà kò sì yí padà. Mo mọ̀ pé Ẹ̀gbẹ́dá kò jìnnà, mo lè wọkọ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá wá, wàá máa dá mi lóhùn, n kò sì fẹ́ kí o dá mi lóhùn kí n tó sọ ọ́ tán. Ìdí nìyí tí mo fi mú bíírò.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ sọ, kí a lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Ilé-ìwé tó gbà ọ́ síṣẹ́ ti fi ọ́ ṣe olórí kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi. Inú wa dùn, ìyá rẹ sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó ń gba iwájú ilé wa kọjá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àbẹ̀wò àwọn òbí ń bọ̀ ní ìparí táàmù. Màdáámù tó ni ilé-ìwé ti pàṣẹ pé lọ́jọ́ náà, kí gbogbo ọmọ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka A títí dé Z, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn lójú àlejò. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, Dámilọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí kò tíì fẹ́ di pẹ́ńsùlù mú. Ìdérí ìgò ló ń tò sílẹ̀ láti àárọ̀, pupa síhìn-ín, aláwọ̀ ewé sọ́hùn-ún. Màdáámù ní bí kò bá lè kọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí o dá a padà sí yàrá àwọn ìkókó tó ṣì ń rá, kó má bàa dójú ti ilé-ìwé. O wá bi mí pé, “Dádì, ṣé kí n kàn máa di ọwọ́ ẹ̀ mú kọ ọ́ ni, kí àlàáfíà lè wà?”

Rárá.

Ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn dáadáa kí o tó ka ìyókù, nítorí àlàyé ni gbogbo ìyókù.

O mọ̀ pé ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ títọ́. Nígbà tí mo ń kọ́ni ní Òkè-Odò, tíṣà tó ń mójú tó kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké lọ bímọ, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gba kíláàsì náà. Ọ̀gá àgbà wo gbogbo wa yíká, ojú rẹ̀ dúró lára mi. Ó ní kí n bá òun dì í mú fún táàmù kan péré. Mo dì í mú títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí ní Bàbá Ìkókó. Bí mo bá ti wọ yàrá àwọn olùkọ́, ọ̀kan nínú wọn á ní, “Bàbá Ìkókó, àwọn ọmọ ti mu ọmú tán àbí?” Mo máa ń dáhùn pé wọ́n ti mu tán, pé òun nìkan ló kù.

Ohun tí Màdáámù rẹ ń fẹ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo mú pátákó, mo mú pàṣán, mo kọ́ àwọn ọmọ náà bí a ṣe ń kà láti ení títí dé ọgọ́rùn-ún. Kò pẹ́, ohùn wọn ń dé títì. Àwọn tó ń lọ wọkọ̀ á dúró gbọ́ wọn, èmi náà á sì na ọrùn. Ní ọjọ́ kan mo ní kí ọmọ tí ohùn rẹ̀ ròkè jù lọ bá mi ṣa òkúta mẹ́ta wá láti ìta, mo fẹ́ fi ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má bàa máa gbá a. Ó lọ, ó kó òkúta kún iwájú aṣọ rẹ̀ bọ̀. Mo ní mẹ́ta ni mo wí. Ó wo òkúta, ó wo ojú mi, ó bá bẹ̀rẹ̀: “Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin…” Ó ń kà á lọ, ojú rẹ̀ kò sí lára òkúta kankan. Ó kà á dé ọgọ́rùn-ún, ó sì dúró dè mí kí n pàtẹ́wọ́.

Nítorí náà, èkíní: ohùn kì í ṣe ìmọ̀. Ọmọ tó ka ọgọ́rùn-ún fún àlejò tí kò sì mọ mẹ́ta lọ́wọ́ ara rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ ló kà á, kì í ṣe òun. Dámilọ́lá tó ń ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ ewé ti ṣe ohun tí ọmọ olóhùn gooro yẹn kò ṣe. Ó wo nǹkan, ó fi í wé òmíràn, ó sì dájọ́. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Màdáámù kò rí i nítorí pé kì í dún.

Èkejì. Ìyá bàbá mi, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, bí wọ́n bá fẹ́ fún ọmọ lágbo, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu bí igbá, wọ́n á sì dí ihò imú rẹ̀. Ọmọ náà á gbé e mì, kì í ṣe pé ó fẹ́ ẹ, kó ṣáà lè mí ni. Rírọ là ń pè é, ìwọ náà ti rí i rí nílé ìyá ìyá rẹ. Kò sí ìkà nínú wọn, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ tí àgbo gba ọ̀nà òdì lọ sí àyà rẹ̀, tí ó sì wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi yí. Dídi ọwọ́ ọmọ mú kọ orúkọ rẹ̀, rírọ ni. Kíké A-B-C mọ́ ọn létí kí ìtumọ̀ tó dé, rírọ ni. Àwọn àgbà tó ń rọ ọmọ yìí kan náà ló sọ pé a kì í fi ọ̀nà ikùn han ọ̀fun. Mo gba òwe wọn, mo kọ ìṣe wọn sílẹ̀.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ ti Sìdí fún ọ. O gbọ́ orúkọ yẹn rí nílé, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ tán fún ọ rí.

Sìdíkátù ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ káfíńtà kan ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ títì Ìpájà. Nígbà tí ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti ju pàṣán sórí àjà. Mo ti to nǹkan tí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kalẹ̀: ẹ̀wà pupa àti funfun láti ṣà sọ́tọ̀, aṣọ oníbọ́tìnnì láti dè, omi nínú báàfù, àwọn ife kéékèèké, àti bútà kékeré kan. Sìdí kò wo òmíràn, bútà ló gbá mú. Láti ìgbà tó ti ń rá ló ti ń wo bàbá rẹ̀ tó ń fi bútà ṣe àlùwàlá, wọn kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kàn án rí, nítorí kó má bàa da omi sílẹ̀. Lọ́dọ̀ mi, ó dà á sílẹ̀ tẹ́rùn. Ó ń bu omi sínú bútà, ó ń dà á sínú ife, ó ń da ti ife padà sí báàfù. Bó bá dà sílẹ̀, á mú àkísà, á nù ún, á tún bẹ̀rẹ̀. Bó ti ṣe lónìí ló ṣe lọ́la.

Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, pẹ́ńsùlù létí, ìyẹ̀fun pákó lára apá rẹ̀ méjèèjì. Ó kí mi, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ, lẹ́yìn náà ló tó sọ èyí tó gbé e wá.

“Tíṣà, ẹ má bínú o. Omi wà nílé wa. Ṣé ọmọ tí mo ní kó wá kàwé lẹ sọ di alápọnmi?”

Mo ní kó jókòó. Kò sí àga àgbà nínú kíláàsì náà, torí náà orí àga ọmọdé ló wà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ká ọwọ́ sẹ́yìn, kó máa wò, kó má sì ran ọmọ náà lọ́wọ́, ohun yòówù kó rí.

Orí tábìlì àgbà ni báàfù wà nígbà náà. Sìdí dúró lórí ìka ẹsẹ̀, ó nàgà, ó fa bútà mọ́ra. Bútà fì. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ fò jáde kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ọmọ náà kò tilẹ̀ yíjú padà.

“Bàbá, ẹ fi sílẹ̀ ná. Èmi ni mò ń ṣe é.”

Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà padà jókòó, ó sì fi itan tẹ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àga. Omi dà sílẹ̀. Ó fẹ́ dìde, ó rántí, ó jókòó padà. Sìdí nu omi náà, ó fún àkísà, ó sá a. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó wo àwọn ọmọ tó jókòó lórí ẹní, ẹnu rẹ̀ ń mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó lọ kó ife wá, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó tún padà lọ mú ẹyọ kan, ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀. Ó wá gbé bútà, ó bu omi fún wọn yíká. Kò ṣẹ́kù, kò sì dín.

“Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kà á?” Bàbá rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀.

“Kò sẹ́ni. Òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n.”

Ó mu omi rẹ̀ tán kó tó dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun rí i, òun kò lè sọ pé òun kò rí i, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni yóò mọ A-B-C? Mo ní ìgbà tó bá bi mí. Ó ní àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tí kò jù ú lọ ti ń kọ tiwọn. Ó mi orí, ó lọ.

N kò ní purọ́ fún ọ, Àjíkẹ́. Nígbà tí táàmù parí, ó mú ọmọ rẹ̀ kúrò. Ó mú un lọ sí ilé-ìwé kan tí wọ́n ń de táì mọ́ ọmọ lọ́rùn, tí ohùn wọn ń dé títì. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn yẹn, ó gbé tábìlì kékeré kan sórí wá. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín kíláàsì, ó fi ọwọ́ mì í wò, kò mì.

“Tíṣà, mi ò gbà pẹ̀lú yín,” ló wí. “Mi ò ní gbà. Àmọ́ tábìlì tọ́mọ yẹn ń nàgà sí, ó ga jù. Mo dé ilé, oorun ò kùn mí. Ẹ ṣáà lo èyí.”

Sìdí wo tábìlì náà. Ó fà á lọ sídìí fèrèsé, ó gbé bútà sórí rẹ̀, ó tún un gbé kó lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà ló tó na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀, wọ́n sì lọ. Ẹni tó bá ń retí ibi tí ọkùnrin náà ti padà wá bẹ̀ mí, kó má retí rẹ̀ mọ́. Kò padà wá. N kò sì tún fojú kan ọmọ náà.

Ṣé mo ṣì ń sọ pé ọ̀nà yẹn ló tọ́? Mo ń sọ ọ́. Ọkùnrin tí kò gbà pẹ̀lú mi jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pamọ́, ó wo ọmọ rẹ̀, ó rí ohun tó ń dí i lọ́wọ́, ó sì mú un kúrò lọ́nà. Iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn, kò sí òmíràn. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe é dáadáa, ó sì ń bá mi jiyàn lọ. Jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn, kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀kẹta wá yọ níbẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Gbogbo ènìyàn ló ń pa òwe yẹn, kò sì sí ẹni tó ń béèrè pé ta ló gbé pẹpẹ sókè. Àgbà ni. Sọ pẹpẹ kalẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó dé láràárọ̀, rìn yí kíláàsì rẹ ká lórí ìkúnlẹ̀, kí o lè rí i láti ibi tí ojú tiwọn wà. Ohun tí wọn kò lè mú fúnra wọn, gbé e wálẹ̀. Bí o bá fẹ́ fi nǹkan han ọmọ, ṣe é jẹ́jẹ́ lójú rẹ̀, má sọ̀rọ̀ púpọ̀, kí o sì kúrò níbẹ̀. Bó bá há, dúró díẹ̀. Bó bá pè ọ́, lọ. Bó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ọmọ ẹlòmíràn léṣe, dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń dúró wò. Bó bá da omi sílẹ̀, fi àkísà sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú. Àwa àgbà tó ń sáré gbé e la kì í jẹ́ kó wò ó.

Wọ́n á pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Wọ́n pe èmi náà bẹ́ẹ̀, pé mo ń gba owó oṣù lórí ìran wíwò. Ẹni tó bá rò pé wíwò rọrùn, kó wá ká ọwọ́ sẹ́yìn, kó wo ọmọ tó ń de bọ́tìnnì kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí di àsìkò oúnjẹ. Kíké mọ́ ọmọ ló rọrùn. Mo ti ṣe méjèèjì.

Wọ́n á tún ní ọgbọ́n Òyìnbó lo lọ kó wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Má jẹ́ kí ìyẹn dùn ọ́, bi wọ́n léèrè ni. Nínú àgbàlá tiwa ní Ìgàndò níbí, ọmọ ọdún mẹ́ta kan wà tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ Yorùbá, tó ń bá onílé sọ Ègùn, tó sì ń fi pijin bú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Pátákó wo ni wọ́n fi kọ́ ọ? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi ní kí alágbẹ̀dẹ ṣe ọkọ́ kékeré kan fún mi, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ oko han mí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ebè mi wọ́, iṣu mi tín-ín-rín bí ìka. Ó sun ún, ó jẹ ẹ́, ó ní ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Òyìnbó wo ló wà níbẹ̀? Ìlà ìjókòó, agogo àti pàṣán tí wọ́n ń jà fún yẹn, ṣé oko bàbá wọn ni wọ́n ti hú u?

Ní ti Màdáámù, má bá a jà. Ó jù ọ́ lọ, ibi tí koríko wà ló sì kọ́ ilé-ìwé sí nígbà tí àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín. Àwọn òbí ló ń bà á lẹ́rù, bí òun náà ṣe ń bà ọ́ lẹ́rù. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó ní kí àwọn ọmọ fi ohun tí wọ́n mọ̀ han àlejò, ó dára, jẹ́ kí wọ́n fi hàn. To àga kéékèèké sílẹ̀ fún àwọn òbí, kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn. Fi Màdáámù fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Dámilọ́lá. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀, kó kọ ọ́. Èyí tí kò tíì fẹ́, má fi ọwọ́ rẹ̀ kọ ọ́ fún un. Irọ́ ni, ọwọ́ ọmọ la sì fi pa á.

Bó bá tún wá ní kí ọmọ náà padà sí yàrá àwọn ìkókó ńkọ́? Kúnlẹ̀ kí i dáadáa, kí o sì sọ fún un pé o kò ní gbé e lọ. Bí ẹlòmíràn bá gbé e, kó ìdérí ìgò rẹ̀, kí o tẹ̀ lé e. Bí iṣẹ́ bá bọ́ nítorí ìyẹn, yàrá rẹ wà níbí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa sì gba ẹní mẹ́rin fún ọmọ tí ìyá wọn bá fẹ́ gbé wá. Ìyá rẹ kò fara mọ́ ìpínrọ̀ yìí. Ó kà á láti ẹ̀yìn èjìká mi, ó ní agídí ni mò ń kọ́ ọ. Mo ní agídí kò nílò tíṣà nínú ilé yìí, kó ṣáà wo dígí.

Ó ku ohun kan. Tábìlì tí Bàbá Sìdí kàn wà níbí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, òun nìkan ni mo tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ ti ń to tòmátì lé e. Mo ti ní kó palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mo ti fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì mì í wò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kankan kò yẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, n óò gbé e wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá bá ọ. Gbé e sídìí fèrèsé, kí o kó àwọn ìdérí ìgò sórí rẹ̀. Má fa Dámilọ́lá lọ síbẹ̀ o. Kúrò nídìí rẹ̀, kí o dúró.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ojú tí ń rí ọmọ, kó sì bá ọ di ọwọ́ rẹ méjèèjì mú nígbà tí wọ́n bá ń yún ọ. Bí Màdáámù bá sì bi ọ́ pé ta ló ní kí o gbé tábìlì wọ inú kíláàsì òun, má purọ́ fún un. Sọ fún un pé ẹni tí kò gbà pẹ̀lú wa ló kàn án.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Bàbá Ìkókó.